Àwo Ọbẹ̀ Tó Kọ̀ Tí Kò Fọ́

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹnu ni Hinnerk Wohlers fi ń ṣọ́ tirẹ̀. Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí o! Bó bá pa ẹja tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, kó tó délé, ẹja ọ̀hún á ti gùn ju ọkọ̀ tó fi pa á. Kó fún ọ ní ápù kan péré nínú oko rẹ̀ létí odò Elbe nílẹ̀ Jámánì, kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo abúlé wa á ti gbọ́ pé oko ló fi ta ọ́ lọ́rẹ.

Ìgbéyàwó Wiebke ló wá kó o sí páńpẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú ni Wiebke, òun nìkan ni ẹbí tó kù fún Hinnerk láyé. Nílé ọtí, níṣojú gbogbo wa, Hinnerk ti fọwọ́ sọ̀yà pé, "Ọjọ́ tí Wiebke bá ń relé ọkọ, ẹ̀bùn tí màá gbé kalẹ̀, ẹ ó ṣí fìlà fún un!" Ọtí dá lójú rẹ̀, ó gbàgbé. Àwa ò gbàgbé.

Bẹ́ẹ̀ Wiebke ò tiẹ̀ béèrè ẹ̀bùn kankan. Ohun tó bẹ̀ ẹ́ ni pé kó dúró nípò bàbá òun, kó fa òun lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Hinnerk rò ó títí. Ẹni tó bá lọ síbi ìgbéyàwó, ojú gbogbo ayé ni yóò ti gbé ẹ̀bùn rẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tí kò bá ráàyè lọ ńkọ́? Á fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú, á tọrọ àforíjì, ó parí! Ni Hinnerk bá kéde pé òun ń bá ọkọ̀ òkun lọ sí Norway.

"Norway kẹ̀? Bàbá Hinnerk, lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi?"

"Ọmọ mi, ọkọ̀ òkun kì í dúró de ènìyàn. Ṣùgbọ́n fọkàn balẹ̀. Ẹni tí kò bá lè wá, ẹ̀bùn rẹ̀ ló yẹ kó ju ti gbogbo àwọn tó wá lọ. Àwo ọbẹ̀ ìyá ìyá ìyá mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Tánńganran ojúlówó, láti ilé àwọn ọlọ́lá!"

Irọ́ ni. Àwo igi ni ìyá ìyá ìyá rẹ̀ fi jẹun títí tó fi kú.

Ọjà àlòkù ni Hinnerk gbà lọ. Ó rí àwo ọbẹ̀ kan níbẹ̀, ó ní ọmọrí, wọ́n ya òdòdó aláwọ̀ búlúù sí i lára. Obìnrin tó ń tà á fẹ́ sọ̀rọ̀, Hinnerk nawọ́ dá a dúró.

"Ìyá, mo ti mọ tánńganran kí wọ́n tó bí yín."

Obìnrin náà gbowó, ó panu mọ́. Hinnerk gbé àwo náà wò. "Ó mà fúyẹ́ o! Bí tàwọn ọlọ́lá ṣe ń rí nìyẹn!"

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tó dá. Lọ́dọ̀ wa, ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó ni ìrọ̀lẹ́ ìfọ́wo. Gbogbo ènìyàn á kó àwo àtijọ́ wá, wọ́n á máa fọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà ìyàwó. Bí àfọ́kù bá ṣe pọ̀ tó ni oríire tọkọtaya ṣe ń pọ̀ tó. Àwo tó bá dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kì í béèrè kó tó fọ́ ọ. Hinnerk di àwo rẹ̀ sínú páálí, ó gbé e fún Gesche, obìnrin tó múlé gbè é, ó ní kó bá òun gbé e lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n á fọ́ ọ tán kí wọ́n tó mọ̀ pé àwo ńlá nìyẹn. Ta ló máa wá mọ̀ bóyá ojúlówó ni? Òun á dé láti Norway, wọ́n á máa sunkún, òun á sì dárí jì wọ́n. Àwo ọba tó fọ́, ẹwà ló bù sí i! Ó ti ń dárí jì wọ́n níwájú dígí títí omi fi ń bọ́ lójú ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó wọ́ àpótí kọjá níwájú gbogbo wa, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sì gba inú oko ápù sá padà sílé. Ó tilẹ̀kùn, ó ń jẹ ẹja inú agolo. Ṣùgbọ́n ṣé afọ́nnu á gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ké orúkọ òun kó jókòó sílé? Nírọ̀lẹ́, tí oòrùn oṣù kẹfà ṣì wà lókè, ó fàyà fà lọ sábẹ́ igbó ọgbà kan nísàlẹ̀ ilé Wiebke.

Ilé náà wà lórí òkè erùpẹ̀ tí wọ́n mọ dí odò kó má baà ya wọ abúlé. Lókè níbẹ̀, ariwo àwo tó ń fọ́ ti gbalẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Thore, ọkọ ìyàwó, tilẹ̀ gbé àwo ṣáláńgá wá. Gesche gbé páálí dé. Géńdé kan yọ àwo ọbẹ̀ jáde, ó gbé e sókè, ó là á mọ́lẹ̀.

Pó!

Kò fọ́. Ó tún là á mọ́lẹ̀. Pó! Pó! Àwo ta sókè, ó bá Thore níwájú orí.

Gesche mú un, ó yí ìdí rẹ̀ sókè. "Ẹ̀yin ará, ike mà ni! Irú èyí tí a fi ń fún ọmọ ọwọ́ lóúnjẹ kó má baà fọ́ ọ!"

"Ta ló ni ín?"

"Bọ̀ọ̀dá Hinnerk ló gbé e fún mi kó tó lọ sí Norway."

"Tánńganran ìyá ìyá ìyá rẹ̀ náà rèé?" Thore ń fọwọ́ pa iwájú orí. "Ṣé wọ́n ti ń ṣe ike láyé ìgbà yẹn ni?"

Ẹ̀rín bú sí i. Géńdé yẹn fi ẹsẹ̀ gbá àwo náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ̀ láti òkè. Gbogbo wọn sáré tẹ̀ lé e. Hinnerk ń gbàdúrà lábẹ́ igbó: "Yà sósì, jọ̀ọ́, yà sósì!" Ọ̀tún ni àwo yà sí. Ó já wọ inú igbó, ó gbá Hinnerk nímú títí ó fi yí dojú sókè, ó sì jókòó lé e láyà wọ̀ọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Ti Hinnerk, àwo ló lé e bá.

Wiebke ló kọ́kọ́ ya ewé sọ́tọ̀. "Bàbá Hinnerk?"

"Ẹ káàbọ̀ o, Bọ̀ọ̀dá!" ni Gesche wí lẹ́yìn rẹ̀. "Báwo ni Norway?"

"Ó... ó tutù díẹ̀."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìdí mú. Wiebke nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé mo béèrè àwo lọ́wọ́ yín ni? Ọwọ́ yín ni mo ní kẹ́ ẹ fún mi. Bẹ́ ẹ bá wá lọ́wọ́ òfo, inú mi á dùn."

Hinnerk gbé àwo náà kúrò láyà, ó dìde. Ojú tì í débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe irú ti iwájú dígí. "Ọmọ mi, mo ṣèlérí ohun tí mi ò ní. Dárí jì mí."

Wiebke nu ojú fún un, ó sì na ìgbálẹ̀ sí i. Ìyàwó àti ọkọ ló máa ń gbá àfọ́kù lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí àwo tirẹ̀ ò fọ́ ló gbá tàwọn tó fọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó fa Wiebke lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ṣe é bó ti yẹ. Pásítọ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ kú àbọ̀, Hinnerk. Ọkọ̀ òkun mà padà dúró dè yín."

Nígbà tí wọ́n gbé ọbẹ̀ ìgbéyàwó dé, inú àwo ike yẹn ni ti Hinnerk wà. Hinnerk bu ọbẹ̀ ṣíbí kan, ṣíbí méjì, agbára dé. Ó fi ṣíbí kan àwo náà.

"Ẹ bá mi wò ó ná! Gbogbo àwo tó dé ẹnu ọ̀nà yẹn ló fọ́. Tèmi nìkan ló ṣẹ́kù!"

"Òótọ́ ni, Bọ̀ọ̀dá," ni Gesche dáhùn. "Ẹ̀bùn àwọn tó kù, àwọn tó ni wọ́n ló gbé wọn wá. Tiyín nìkan ló lọ gbé ẹni tó ni ín wá."