Ẹjọ́ Ojú Àyálò

Ẹjọ́ kan gúnlẹ̀ sí ààfin Baálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, irú rẹ̀ kò sì dé ibẹ̀ rí. Kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í ṣe ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ oko olóko. Ẹjọ́ ojú ni. Bíríkìlà ló pe Télọ̀ lẹ́jọ́ pé ó yá ojú ọmọ òun lọ ya fọ́tò, ó sì tún fẹ́ wá yá a lẹ́ẹ̀kejì.

Télọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lápá òsì, ó ká ọwọ́ lé ẹsẹ̀. Òun ló ń ránṣọ fún gbogbo àdúgbò. Láti orí Baálẹ̀ títí dé orí ìjòyè tó kéré jù, kò sí ẹni tí òun kò mọ ìwọ̀n ìbàdí rẹ̀ nínú yàrá náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò fi í lọ́kàn balẹ̀ lọ́jọ́ yìí. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọbìnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Akọ̀wé nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dùn ún kà. Kì í ṣe ìtìjú ló ń ba Télọ̀ lẹ́rù. Ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ni.

Ìjọ tó wà lẹ́bàá odò ní ètò kan fún àwọn ọmọ tí apá òbí wọn kò ká ilé-ìwé. Wọ́n á ya fọ́tò ọmọ, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́, wọ́n á fi í ránṣẹ́ sókè òkun. Onígbàgbọ́ kan lọ́hùn-ún á mú fọ́tò kan, á di alágbàtọ́ ọmọ náà, á máa rán an lọ sílé-ìwé, àwọn méjèèjì á sì máa kọ lẹ́tà síra wọn, tí ìjọ á máa túmọ̀ ní àlọ àti àbọ̀. Ìyá àgbà kan ló mú Akọ̀wé lésìí. Ìyá Òkè-Òkun ni wọ́n ń pè é nílé Télọ̀.

"Bíríkìlà," ni Baálẹ̀ wí, "sọ tẹnu rẹ."

Bíríkìlà dìde. "Baálẹ̀, kí ẹ̀mí yín gùn. Lésìí, obìnrin yìí wá sílé mi. Ó ní kí n yọ̀ǹda ọmọ mi fún òun fún wákàtí kan. Mo rò pé ó fẹ́ rán an níṣẹ́ ni. Àṣé ọ̀dọ̀ ayafọ́tò ló ń mú un lọ. Wọ́n ya ojú ọmọ mi, wọ́n kọ orúkọ ọmọ tirẹ̀ sábẹ́. Ní báyìí, ọmọ tirẹ̀ wà nílé-ìwé, ọmọ tèmi ń ru omi tí mo fi ń po sìmẹ́ǹtì."

"Ìgbà wo lo wá mọ̀?"

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Baálẹ̀. Ó tún padà wá. Ó ní wọ́n ń béèrè fọ́tò tuntun, kí n jọ̀ọ́, kí n tún yá òun ní ojú náà."

Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ pa ojú ara rẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

"Télọ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Télọ̀ kúnlẹ̀. "Mo yá a, Baálẹ̀."

"Wọ́n ń yá ojú?"

"Baálẹ̀, kí ni a kì í yá ládùúgbò yìí? A ń yá odó, a ń yá àkàbà. Ẹni tó yá nǹkan tí kò dá a padà là ń pè lólè. Èmi gba ojú ọmọ náà láàárọ̀, mo dá a padà kí oòrùn tó wọ̀. Imú wà níbẹ̀, ẹnu wà níbẹ̀, ohunkóhun kò dín. Kódà mo fọ̀ ọ́ kí n tó dá a padà. Ó dọ̀tí nígbà tí mo gbà á."

"Kí ló ṣe ojú ọmọ tìrẹ?"

"Ṣégede, Baálẹ̀. Ó ku ọ̀la kí ayafọ́tò ìjọ dé ló mú un. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó kó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan sẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ayafọ́tò sì ń wá lọ́dún. Mo rò ó pé bí wọ́n bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí ránṣẹ́ sókè òkun, wọ́n á ní ọmọ tó ń jẹun tó báyìí kò nílò ìrànlọ́wọ́."

Baálẹ̀ mú ìka kan wá sí ètè, kó má baà rẹ́rìn-ín. Télọ̀ rí i, àyà rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀.

"Àti pé, Baálẹ̀, Bíríkìlà mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ṣòkòtò tó wọ̀ yẹn ni mo fi bẹ̀ ẹ́."

Bíríkìlà yára jókòó, bí ẹni pé tí òun bá jókòó, ṣòkòtò náà kò ní hàn mọ́.

"Ta ló rán ṣòkòtò yẹn?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Òun ni, Baálẹ̀."

"Kí lo fún un?"

Bíríkìlà wo ilẹ̀. "Baálẹ̀, ṣòkòtò kan ṣoṣo kò tó ojú. Mo ní kó fi ẹ̀wù kún un lọ́dún yìí, ó ní àṣejù ni."

"Nítorí náà lo fi pè é lẹ́jọ́?"

"Rárá o. Nítorí pé mo jí lóru ọjọ́ yẹn, mo rò ó pé ojú ọmọ mi ti dé òkè òkun, ọmọ mi fúnra rẹ̀ kò tíì dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Télọ̀ pàápàá kò lè wò ó lójú.

Wọ́n pe ayafọ́tò. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ìbejì ni àwọn ọmọ náà.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" ni Télọ̀ bi í.

"Ẹ ní ọ̀kan ń ṣàìsàn, èkejì á dúró fún un."

"Ìbejì nìkan ló ń dúró fún ara wọn ni?"

"Baálẹ̀," ni ayafọ́tò wí, "kí n má purọ́, mi ò tiẹ̀ wo ojú. Ìmọ́lẹ̀ ni mò ń wò. Ojú, kálukú ló ń gbé tirẹ̀ wá."

"Èyí kò gbé tirẹ̀ wá," ni Baálẹ̀ wí. "Jókòó."

Ó kan Alàgbà tó ń tọ́jú ìwé orúkọ fún ìjọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo ojú ọmọ, kó wo fọ́tò, kó tó máàkì orúkọ. Odindi ọdún kan ló fi ṣe é. Akọ̀wé dúdú, ojú rẹ̀ gùn. Ọmọ Bíríkìlà pupa, ojú rẹ̀ rí róbótó. Akáyín ni wọ́n ń pe òun, nítorí eyín iwájú rẹ̀ kan tó yọ. Eyín ti hù padà, orúkọ kò lọ.

"Alàgbà, ṣé ẹ kò rí i pé kì í ṣe ẹnì kan náà ni?"

"Mo rò pé ó ń dàgbà ni, Baálẹ̀. Ọmọdé a máa yí padà."

"Ó yí padà di dúdú?"

"Oòrùn mú gan-an lọ́dún yẹn."

"Etí rẹ̀ ńkọ́? Etí náà ń yí padà?"

Alàgbà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Mi ò wo etí, Baálẹ̀."

Kí wọ́n má baà bi í ní nǹkan mìíràn, ó yára fa páálí tí Ìyá Òkè-Òkun fi ránṣẹ́ yọ. Bàtà pupa kan wà nínú rẹ̀, àti lẹ́tà tó béèrè fọ́tò tuntun náà. Ó kà á sókè:

"'Ọmọ mi, fọ́tò rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Láràárọ̀, mo máa ń kí àlàfo eyín rẹ kí n tó kí ẹnikẹ́ni. O ní orí òkìtì búlọ́ọ̀kù lo ti já bọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí eyín náà bá hù, ya fọ́tò mìíràn kí n rí i.'"

Bíríkìlà fò dìde. "Ẹ gbọ́ o, Baálẹ̀. Ọmọ ta ló já bọ́ lórí búlọ́ọ̀kù? Wọ́n jí ojú, wọ́n tún jí ìṣubú."

Ọ̀rọ̀ náà bá Télọ̀ lójijì. Kò mọ̀wé, kò sì bi ọmọ rẹ̀ rí ohun tó ń kọ. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ilé-ìwé àti ìkíni ló ń kọ síbẹ̀.

Wọ́n pe àwọn ọmọ méjèèjì wọlé. Akọ̀wé kúnlẹ̀, ó dáhùn láìbẹ̀rù.

"Ìyá Òkè-Òkun bi mí pé kí ló yọ eyín mi. Eyín mi pé. Mo lọ bi ẹni tó ni àlàfo náà."

"Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?"

"Rárá, Baálẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ti bi ẹni inú fọ́tò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń gbà á. Kò dáa kí n máa dáhùn fún un láìbi í."

Baálẹ̀ yíjú sí Akáyín. "Ìwọ ń fi ìtàn rẹ tọrẹ?"

"Rárá, Baálẹ̀. Tí mo bá sọ ìtàn kan, á kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́."

"Ṣé o lè kàwé ni?"

Akáyín wo bàbá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Baálẹ̀ ní kí wọ́n fún un ní lẹ́tà náà. Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ru omi. Nígbà tó dé 'ibùsùn', ó dúró, ètè Akọ̀wé sì ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìsí ohùn, títí ó fi là á kọjá. Ó ka eyín, ó ka búlọ́ọ̀kù, ó tún ń bá a lọ:

"'Ṣé bisikíìtì tí mo fi sínú páálí dùn?'"

Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

"Alàgbà," ni Baálẹ̀ wí, "ìlà yẹn kò sí nínú èyí tí ẹ kà."

Alàgbà wúkọ́. "Ojú ló fò ó, Baálẹ̀."

"Bisikíìtì náà ńkọ́? Ojú ló fò ó?"

Alàgbà tún wúkọ́. Ṣùgbọ́n Télọ̀ kò gbọ́ ìyẹn dáadáa. Bíríkìlà ló ń wò. Ọkùnrin náà dúró bí òpó, ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

Baálẹ̀ forí korí pẹ̀lú àwọn ìjòyè. Ọ̀kan ní kí wọ́n pín bàtà náà, ọ̀tún fún ọ̀kan, òsì fún èkejì.

"Kí àwọn méjèèjì wá máa fi ẹsẹ̀ kan fò káàkiri?" ni Baálẹ̀ wí. Ó tún jókòó dáadáa.

"Ẹ gbọ́. Àwọn ọmọ kò jẹ̀bi. Nínú ìwà àgàbàgebè tí ẹ̀yin àgbà hù, àwọn nìkan ló ń ná ọjà òdodo. Lẹ́tà òtítọ́ ni a ó kọ sí ìyá yẹn."

Télọ̀ fi eékún rìn sún mọ́ ọn. "Baálẹ̀, ẹ ṣàánú mi. Tó bá gbọ́, á já ọmọ mi sílẹ̀."

"Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ́kọ́ fi ojú ọmọ rẹ pamọ́, kì í ṣe òun. Ẹni tó ń gbàdúrà fún ọmọ, kó mọ ọmọ tó ń gbàdúrà fún."

Alàgbà ti yọ bíírò. "Ṣé kí n kọ ọ́, Baálẹ̀?"

"Ẹ dá a padà sápò. Télọ̀ á kọ tirẹ̀, Bíríkìlà á kọ tirẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn."

"Mi ò mọ̀wé, Baálẹ̀," ni Télọ̀ wí.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n," ni Bíríkìlà wí. Ọjọ́ yẹn ni ohùn wọn kọ́kọ́ ṣọ̀kan.

"Mo mọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ọ̀sán ni, tí ilé-ìwé bá ti jáde, kíláàsì àwọn ọmọ kékeré, bẹ́ǹṣì iwájú. Àwọn ọmọ méjèèjì yìí ni tíṣà yín. Tí tíṣà bá ní kí ẹ dìde dúró, ẹ dìde. Bàtà wà lọ́wọ́ mi títí lẹ́tà méjèèjì fi máa pé. Tí ẹsẹ̀ ọmọ bá tóbi jù ú lọ kí ẹ tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ 'ẹ jọ̀ọ́', ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ní ti Alàgbà, kò gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ ètò ìjọ mọ́, àfi ọjọ́ tó bá lè dijú, kó fọwọ́ kan etí ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó dárúkọ rẹ̀ láìṣì."

Bẹ́ẹ̀ ni Télọ̀ ṣe di ọmọ kíláàsì kékeré. Bẹ́ǹṣì náà kéré débi pé orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó di ṣọ́ọ̀kì mú bí abẹ́rẹ́, ó ń fà á wọlé, ó ń fà á jáde.

"Ìyá mi," ni Akọ̀wé wí, "ẹ má rán an. Ẹ kọ ọ́."

Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà á. Ní ìparí rẹ̀, ó kọ èyí: 'Ìyá, ẹ káàárọ̀. Ọmọ mi kọ́ lẹ ń kí láràárọ̀. Ọmọ Bíríkìlà ni. Ọmọ mi ló ń kọ lẹ́tà. Ṣégede mú un. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ má bínú.' Wọ́n ya fọ́tò àwọn ọmọ méjèèjì pọ̀, orúkọ kálukú lábẹ́ ojú tirẹ̀, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà náà. Wọn kò dúró de Bíríkìlà. Òun ṣì ń bá ọ̀rọ̀ kẹrin jà, Akáyín sì ti ní kó dúró sígun lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù mẹ́ta ni Télọ̀ kò fi sùn dáadáa. Nígbà tí èsì dé, Alàgbà mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti ń wá awò ojú kó lè kà á fún un. Télọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó. Oníbàárà mẹ́ta wá, wọ́n dúró. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó fi ojú lé e lọ. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, ó ti rí i kà pé Ìyá Òkè-Òkun kò bínú, pé ẹnì kan tí wọ́n jọ máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì ti mú Akáyín, pé òun fúnra rẹ̀ ò sì ní já ẹni tó ń kọ lẹ́tà tó dùn tó báyìí sílẹ̀ láéláé. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ kan. Ó fi ìka lé e, ó pè é wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó rí i pé ti ọmọ òun ni, ó sì ní kí gbogbo àwọn tó dúró dákẹ́, kí òun tún un kà.