Wọ́n Ní Kí Olówòkéré Má Ṣubú

Ilẹ̀ tí kò mì ló fẹ́ gbé Olówòkéré ṣubú.

Apẹja ìlú Mahintedo ni. Láti kékeré ló ti ń dúró nínú ọkọ̀ lójú òkun, ìgbì ń gbé e sókè sódò, kò ṣubú rí. Láyé òyìnbó, jẹjẹrẹ yọ sí i ní itan, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e wá sí ilé ìwòsàn míṣọ́ọ̀nù kan létí odò, dókítà òyìnbó kan gé e kúrò, ó sì rán ojú rẹ̀ pa. Bẹ́ẹ̀dì èmi Ṣùáíbù ló tẹ̀ lé tirẹ̀. Ikùn ni wọ́n ti la èmi, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín.

Rhoda, nọ́ọ̀sì wa, dúró tì í. "Bàbá, tẹ́ ẹ bá ṣubú, ojú ọgbẹ́ yìí á tú, ẹ̀jẹ̀ á sì dà débi tí a ò ní lè dá a dúró. Ẹ má dìde láì pè mí."

"Sísítà, èmi tí òkun ò gbé ṣubú?"

Rhoda yíjú báyìí, bàbá ti dìde. Ó ya ẹsẹ̀, ó ń mi ìdí sọ́tùn-ún, ó ń mi ìdí sósì, ó ń retí ìgbì.

Ìgbì ò dé.

Ó fì yẹ̀ẹ̀, ó tún fì yẹ̀ẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó forí sọlẹ̀ kí Rhoda tó sáré gbá a mú.

"Ilẹ̀ yín yìí ni ò dáa," ni Olówòkéré wí. "Kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọkùnrin dúró."

Rhoda bá pe Moríkẹ́, ìyàwó Olówòkéré. "Ìyá, ẹ bá mi ṣọ́ wọn. Wọn ò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀."

Aṣọ wà nílẹ̀ tí Moríkẹ́ fẹ́ lọ fọ̀ létí odò. Ó ronú díẹ̀, ó lọ mú okùn tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́ èbúté wá. Ó yẹra fún ojú ọgbẹ́, ó fi okùn yí ọkọ rẹ̀ àti bẹ́ẹ̀dì po, ó ta kókó lé kókó.

"Moríkẹ́, ṣé ọkọ̀ ni mí ni?"

"Ọkọ̀ gbọ́ràn jù yín lọ, Bàbá Fágbèmí."

Ó gbé aṣọ, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí ìtọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bàbá. Rhoda tú kókó títí èékánná rẹ̀ fi kán. Dókítà òyìnbó náà dé. Àlùmọ́gàjí rẹ̀ ò lè gé okùn ọkọ̀. Ó ká ọwọ́ aṣọ, ó fẹsẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń fà.

"Sísítà, ẹ sọ fún wọn pé tí wọ́n bá tún fà á báyìí, ìtọ̀ yìí ò ní dúró mọ́."

Kí Rhoda tó túmọ̀ rẹ̀, dókítà ti fà á. Kókó tú, fìrì!

Gbììì!

Dókítà ti jókòó sílẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú lójú wa. Ẹ̀rín ń pa mí, ojú ọgbẹ́ ń fà mí. Mo ki ìrọ̀rí bọ ẹnu, mo di ikùn mú, omijé ń dà lójú mi.

Rhoda gbé àwo ìtọ̀ fún bàbá, ó sì fa dókítà sórí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo níwájú wa. "Dókítà, ẹ má dìde láì pè mí."

Dókítà fèsì lédè wọn, ó ti ń sọ ẹsẹ̀ kan sílẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Olówòkéré bèèrè.

"Wọ́n ní àwọn lè dá rìn."

Ìgbà yẹn gan-an ni Moríkẹ́ ti odò dé. Ó wo dókítà, ó wo ẹsẹ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀. Ó gbé agbọ̀n aṣọ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa okùn rẹ̀ jọ.

Olówòkéré rí i.

"Sísítà," ló wí, "ẹ tètè sọ fún dókítà kí wọ́n kọ́kọ́ tọ̀."