Ọkọ̀ Oníjòókòó Méjì

Jímọ̀ kan wà tí kò fẹ́ kúrò lọ́kàn mi. Mo ti gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Èrúwà kò gbà fún mi. Bí mo bá ń kọjá lọ, ẹnì kan á kí mi dáadáa, á jẹ́ kí n rìn síwájú díẹ̀, á wá máa fi ìka yí afẹ́fẹ́ po bí ẹni ń po ẹ̀kọ. Mo mọ ohun tó ń sọ.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ti dàgbà kí n tó wọ ilé ìwé, àárín àwọn ọmọ tí mo lè bí ni mo jókòó sí, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ láti máa pa ẹnu mọ́ kí wọ́n má bàa fi mí rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ló máa ń bá mi sọ̀rọ̀ fún àwọn èèyàn. Nígbà tó di olóògbé, ilé dákẹ́, èmi náà tún dákẹ́ sí i. Mo ń dáko ẹ̀gẹ́. Bí iṣẹ́ oko bá dínkù, mo máa ń lọ ju ìwọ̀ sómi létí dáàmù tó wà lẹ́yìn ìlú.

Etí dáàmù yẹn ni mo ti mọ Ìyá Bọ̀sẹ̀. Òun náà ti sin ọkọ rẹ̀. Ó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ àwa tí a ń pa á, á yan án, á gbé e lọ sọ́jà. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà nítòsí ibi tí mo máa ń dúró sí; orí rẹ̀ ló máa ń jókòó sí dè mí. Òun á máa sọ̀rọ̀, èmi á máa wo okùn ìwọ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, á bi mí pé, "Bàbá Àníkẹ́, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Èmi á ní, "Mo wà."

Àníkẹ́ ni ọmọ mi tó wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ wa kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá délé, mo máa ń rò ó títí oorun á fi gbé mi lọ. Mo ti pinnu pé màá bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká di tọkọtaya. Ọ̀rọ̀ náà kàn máa ń dé ọ̀nà ọ̀fun mi ni, á sì padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí Bàbá Sùlè fi dé. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ó sì gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré kan bọ̀ wálé, aláwọ̀ ewé, tó ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn. Àárín omi, níbi tí ìwọ̀ mi kò lè dé láé, ló máa ń lọ dẹ àwọ̀n rẹ̀ sí, á sì kó ẹja àrọ̀ tó nípọn tó itan mi bọ̀. Kò pẹ́ tí Ìyá Bọ̀sẹ̀ kò fi jókòó sórí òkúta yẹn mọ́. Ibi tí Bàbá Sùlè máa ń gúnlẹ̀ sí ló ń lọ. Láti ibi tí mo dúró sí, mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rín lè jó èèyàn lára bí èsìsì. Màá wo àwọn ẹpìyà wẹ́wẹ́ inú garawa mi, màá sì rí i pé àwọn náà ya ẹnu sí mi.

Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé n kò bínú sí ọkùnrin náà. Mo bínú sí i gan-an. Mo bínú sí fìlà rẹ̀. Mo bínú sí bó ṣe máa ń nu ẹ́ńjìnnì yẹn bí ẹni ń nu ara ọmọ tuntun. Bó bá kí mi pé, "Bàbá Àníkẹ́, ṣé ẹja ń jẹ lónìí?" màá gbọ́ ọ bí èébú, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ẹja lásán ni. Màá kàn mi orí. Tí Ìyá Bọ̀sẹ̀ bá sì kí mi láti òkèèrè, òun náà, orí ni mò ń mì sí i. Mo rò pé ìyẹn á dùn ún. N kò mọ̀ bóyá ó dùn ún, ṣùgbọ́n èmi ò sùn dáadáa.

Níkẹyìn mo pinnu pé èmi náà á ra ọkọ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Igbó-Ọrà tó ń ta ọjà tòkunbọ̀: fíríìjì, kẹ̀kẹ́, àga ọ́fíìsì. Wọ́n ní ó máa ń kó ọkọ̀ ojú omi wá láti Èkó nígbà mìíràn. Mo bá mẹ́ta nílẹ̀.

"Irú omi wo lẹ fẹ́ lò ó fún, Bàbá?" ló kọ́kọ́ bi mí.

"Omi dáàmù."

"Àwọ̀n lẹ máa ń dẹ ni, àbí ìwọ̀?"

"Ti ẹnì kan báyìí, aláwọ̀ ewé ni," mo dá a lóhùn.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó mú mi lọ síbi àkọ́kọ́, ọkọ̀ onígi tí wọ́n gbẹ́, fún ẹnì kan. Ó ní ó wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń jókòó sómi dáadáa. Mo wò ó. Pákó ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé pákó dojú kọ ẹ́ńjìnnì? Ìkejì jẹ́ ti rọ́bà tí wọ́n máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Ó ní èyí kì í dojú dé bọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ó dà bí ìrọ̀rí ńlá. N kò lè jẹ́ kí Bàbá Sùlè bá mi lórí ìrọ̀rí.

Ìgbà náà ni mo rí ẹ̀kẹta. Ike ni, ó pupa bí ata, ó gùn, imú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ìjókòó méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Mo wo ìjókòó iwájú yẹn, mo sì rí Ìyá Bọ̀sẹ̀ níbẹ̀ kedere, ó di gèlè rẹ̀, ó kẹ́yìn sí mi, ó ń sọ̀rọ̀, èmi ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ Bàbá Sùlè kò ní ju ìjókòó kan ṣoṣo lọ. Kò tún sí ohun tí mo fẹ́ bèèrè mọ́.

"Èyí, ẹni méjì ló ń wà á o," ọlọ́jà náà ní. "Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni, ẹ mú onígi yẹn."

"Àwa méjì ni."

"Ta ni ìkejì?"

"Ó ń bọ̀."

Mo ní kó jẹ́ kí n dán an wò kí n tó rà á, nítorí n kì í ra nǹkan láì dán an wò. Bí a ṣe máa ń ra ọ̀kadà níbí ni mo ṣe ra ọkọ̀ náà: mo jókòó sí i níwájú ṣọ́ọ̀bù, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, mo gbọn ara mi sọ́tùn-ún, mo gbọn ara mi sósì, mo fi ìdí tẹ ìjókòó. Kò mì rárá. Mo ní, "Èyí dúró dáadáa." Ọlọ́jà náà lọ wá okùn tí a máa fi so ó.

Orí kẹ̀kẹ́ márúwá ni a so ó mọ́ wá sílé. Imú rẹ̀ yọ síwájú, ìdí rẹ̀ yọ sẹ́yìn. Ní gbogbo ojú ọ̀nà làwọn èèyàn ń bi mí pé, "Bàbá, ṣé òjò tó ń bọ̀ yẹn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni?" N kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mò ń ro ìjókòó iwájú.

Mo dúró di ọjọ́ Jímọ̀, nítorí lẹ́yìn ìrun ni èrò máa ń pọ̀ jù létí omi. Mo wọ jàlàbíà mi funfun. Ẹ má bi mí ìdí tí ẹni tó fẹ́ lọ pẹja fi wọ jàlàbíà funfun. Mo fẹ́ tu ọkọ̀ náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Sùlè, kí n yí padà, kí n gúnlẹ̀ síwájú Ìyá Bọ̀sẹ̀, kí n ní kó wọlé, kí n sì sọ ọ̀rọ̀ mi nígbà tí a bá dé àárín omi, níbi tí n kò ti ní lè sá.

Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ti wà níbẹ̀. Bàbá Sùlè ti wà lójú omi, ó ń fa àwọ̀n.

"Bàbá Àníkẹ́, ẹ̀yin lẹ ni èyí?" Ìyá Bọ̀sẹ̀ bi mí.

"Èmi ni."

"Ó mà rẹwà o."

Ọ̀rọ̀ yẹn kó sí mi lórí. Mo wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ náà yẹ̀, mo jókòó sínú omi níbi tó ti mu mí dé ìgbáròkó, mo dìde, mo ní omi náà tutù dáadáa. Lẹ́ẹ̀kejì, mo wọlé. Ìjókòó ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, nítorí iwájú ti ní ẹni tó ni ín. Kíá ni imú ọkọ̀ gbé sókè, ó ń wo ojú ọ̀run. Mo fi àjẹ̀ tu omi lápá ọ̀tún. Ọkọ̀ yí sósì, kò sì dúró. Ó yí, ó yí, títí mo fi tún kọjú sí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn. Mo kí wọn, kí wọ́n lè rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Wọ́n dáhùn. Mo tu omi lápá òsì. Ọkọ̀ yí gba apá kejì, mo tún bá ara mi níwájú wọn. Mo tún kí wọn.

"Ẹ ti kí wa tẹ́lẹ̀, Bàbá," ọ̀kan nínú wọn ní.

Ìgbà yẹn ni afẹ́fẹ́ dé. Ó gbá imú ọkọ̀ tó gbé sókè yẹn mú bí ẹni di etí ewúrẹ́ mú, ó sì ń wọ́ mi lọ sí àárín omi, mo ń yí bí mo ṣe ń lọ. Mo rí ìlú, mo rí igbó, mo rí Bàbá Sùlè. Mo rí ìlú, mo rí igbó, Bàbá Sùlè sì ti tóbi sí i.

"Bàbá Àníkẹ́, ẹ yà sápá ọ̀tún, àwọ̀n mi wà níbẹ̀."

"Kì í ṣe èmi ni mò ń wà á," mo ní.

Mo gba orí àwọ̀n rẹ̀ kọjá. Àjẹ̀ mi há sínú rẹ̀, mo fà á, àwọ̀n náà fà á, àwọ̀n ló borí. Èmi àti ọkọ̀ pupa ń bá yíyí wa lọ títí a fi kọ lu ọ̀kan nínú àwọn igi gbígbẹ tó dúró sínú omi láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ dáàmù. Mo dì mọ́ igi náà. Lékèélékèé kan wà lórí rẹ̀, ó wò mí, ó sún fún mi.

Ẹni tí n kò fẹ́ rí nínú ayé mi lọ́jọ́ yẹn ló wá gbà mí. Bàbá Sùlè ju okùn sí mi, ó ní kí n so ó mọ́ imú ọkọ̀, ó rọra ń fà mí bọ̀ bí àgbò Iléyá. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kù díẹ̀ kí a dé ni ó bojú wẹ̀yìn.

"Kí ló dé tí ẹ fi ra oníjòókòó méjì?"

Mo ń fún omi kúrò létí jàlàbíà mi.

"Ìyá Bọ̀sẹ̀ ni?"

Mo dákẹ́.

"Mo ti gbọ́," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín. Gbogbo ìgbà tí mo bá gúnlẹ̀, ẹja kọ́ ni obìnrin yẹn kọ́kọ́ ń bèèrè. 'Kí ló ń ṣe Bàbá Àníkẹ́? Ta ló ṣẹ̀ ẹ́ tó fi ń mi orí séèyàn?' Èmi tí mo gbé ẹ́ńjìnnì wá láti Èkó. Òkúta tó máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ yín yẹn, ó ń ṣe mí bíi kí n tì í sómi."

"Kí ló wá ń pa á lẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ yín?"

Ojú tì í díẹ̀. "Mo máa ń sín yín jẹ ni. 'Mo wà.' Kò sí ẹ̀fẹ̀ mìíràn tó ń pa á lẹ́rìn-ín."

Èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ yìí, èmi náà ni mò ń jowú. N kò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni àbí kí n já okùn.

A gúnlẹ̀. Jàlàbíà mi ti di àwọ̀ ẹrẹ̀. Ìyá Bọ̀sẹ̀ sún mọ́ ọkọ̀ náà, ó wo ìjókòó iwájú.

"Bàbá Àníkẹ́, ta lẹ fẹ́ gbé síbí?"

Gbogbo wọn na ọrùn láti gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbé kiri dé ọ̀fun mi. Ó dé ahọ́n pàápàá.

"Gààrí," mo ní.

"Gààrí?"

"Àpò gààrí."

Ẹ̀rín sọ. Àní Bàbá Sùlè jókòó sílẹ̀ kó lè rí i rín dáadáa. Ìyá Bọ̀sẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ rù, ó lọ. N kò tíì rí ẹ̀yìn tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí pé mo ti sọ ọ́ níwájú gbogbo ayé, mo ní láti ṣe é. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, bí mo ṣe gba àjẹ̀ mi padà lọ́wọ́ Bàbá Sùlè, mo rọ iyanrìn kún inú àpò gààrí kan, mo gbé e sí ìjókòó iwájú. Ọkọ̀ náà tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀, ó sì lọ tààrà. Mo pẹja dé ibi tí n kò dé rí. Nígbà tí mo gúnlẹ̀, Ìyá Bọ̀sẹ̀ wà lórí òkúta wa.

"Gààrí náà nìyẹn?"

"Iyanrìn ni."

"Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀."

Mo gbé e sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ fa ọkọ̀ gòkè. Ẹ máa fà á. Kó kúrò lómi pátápátá. Mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jímọ̀."

Mo fà á dé abẹ́ igi. Ó di gèlè rẹ̀ le, ó wọlé, ó jókòó síwájú, ó ní kí èmi náà wọlé. Mo wọlé. A jókòó sínú ọkọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, àwọn obìnrin yòókù ń na ọwọ́ sí wa. Kò mì rárá.

Kò bojú wẹ̀yìn. "Bàbá Àníkẹ́, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà," mo ní. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ìyókù.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ kó dán an wò nínú omi, kó sì gbàgbé ọkọ̀ ẹlòmíràn títí yóò fi rà á tán. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ í sọ fún obìnrin kó sọ ọ́ nígbà tí ẹ̀wù rẹ̀ ṣì gbẹ. Mo máa ń fi ara mi rẹ́rìn-ín báyìí, nígbà mìíràn kí ìyàwó mi tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Bàbá Sùlè wá bi mí ibi tí mo ti ra ọkọ̀ oníjòókòó méjì yẹn. Mo ní mo ti gbàgbé.