Mànàmáná Tó Wọ Ọkọ̀ Ojú Irin

Ẹ bá mi kí Théodule Garancier, ọkùnrin tí irunmú rẹ̀ máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Òun ló sọ ara rẹ̀ ní Mànàmáná. Mànàmáná Chantoiseau! Afẹ́fẹ́-lé-mi-kò-bá-mi! Bó bá dé ilé ọtí, àga méjì ló ń gbà: ọ̀kan fún ìdí, ọ̀kan fún iyì.

Èmi Zélie Pommeret, opó tó ń ṣe búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin, mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti ń gun kẹ̀kẹ́. Bàbá rẹ̀ ń ṣe bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì ló ra mọ́tò. Láàárín ọdún mẹ́rin, ó bá wọn du ìdíje mọ́tò mẹ́sàn-án. Ní Limoges, ó kọlu òkìtì koríko. Ní Angers, ó wa mọ́tò wọ odò, ó ní ọ̀nà ló yà síbẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, kò borí ẹnì kankan àfi adìyẹ. Ó pa mọ́kànlélógún. Síbẹ̀, bó bá ń ròyìn, ẹ óò rò pé gbogbo obìnrin Páríìsì ló fi àwòrán rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹni tó ń tún mọ́tò náà ṣe ni Fulbert, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tí ẹ́ńjìnnì ti jó lọ́wọ́ ọ̀tún. Òun ló máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Garancier nínú ìdíje. Bí nǹkan bá dára, ọ̀gá ló ṣe é. Bí ó bá bàjẹ́, Fulbert ni.

Lọ́dún 1903, wọ́n ní kí ìdíje kan láti Poitiers parí sí Chantoiseau, ìlú wa. Garancier gun orí tábìlì nílé ọtí.

"Ẹ má wulẹ̀ dúró de àwọn yòókù," ó ní. "Ẹ óò ti jẹun, ẹ óò ti sùn, kí wọ́n tó dé!"

Lọ́jọ́ ìdíje náà, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ò tíì lù tí mo gbọ́ kò-kò-kò lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Garancier ni. Ara rẹ̀ mọ́ bí àwo tí ológbò lá. Ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ni.

"Ìyá oníbúrẹ́dì, ẹ ta ìyẹ̀fun díẹ̀ fún mi."

"Mànàmáná, ṣé kì í ṣe inú ìdíje lẹ wà ni?"

"Ibẹ̀ náà ni mo wà."

"Ibẹ̀ wo?"

"Iwájú! Ẹ̀yin náà ẹ fìbéèrè sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mọ́tò ló ń han goorogo, mo fẹ́ fi pa á."

Ìyẹ̀fun fún ẹsẹ̀ mọ́tò! Mo bu èyí tó dára jù fún un, èyí tó ń fà bí àtè. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ó ń dà á sórí, ó ń dà á sí irunmú, ó ń bu ú sí ẹ̀wù awọ rẹ̀, kó lè jọ ẹni tí eruku ọ̀nà bò. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sáré lọ sí gbàgede. Òun ló lérò pé òun ń sá eré. Àwa la fẹ́ wo eré.

Ọ̀nà tó ti ibùdókọ̀ wá sí gbàgede jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ni mọ́tò Garancier bá yọ́ wọlé, fèrè ń ké, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ò dún rárá. Olórí ìlú dìde pẹ̀lú òdòdó ẹ̀yẹ.

"Mànàmáná, kí ló dé tí a ò gbọ́ ariwo mọ́tò yín?"

"Eré tí mo sá ti fi ariwo sílẹ̀ lẹ́yìn. Ó ń bọ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́, olórí ìlú sì fi òdòdó náà kọ́ ọ lọ́rùn. Noémie, ìyàwó Fulbert, sáré jáde láàárín èrò.

"Ọkọ mi dà?"

"Ó já bọ́ ní kọ̀nà kan. Eré náà pọ̀ jù fún un."

"Ó já bọ́? Ṣé ó wà láàyè?"

"Mi ò wẹ̀yìn, arábìnrin. Akọni kì í wẹ̀yìn."

Noémie jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín tó wà lọ́fun mi gbẹ.

Ìgbà yẹn gan-an lòjò bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kán kìíní bọ́ sí Garancier nímú, èkejì ní ìpéǹpéjú. Ìyẹ̀fun gba omi. Ojú kan dì pa. Olórí ìlú, tí kò rí nǹkan kan, fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́ bí àṣà wa. Irùngbọ̀n olórí ìlú lẹ̀ mọ́ ọn! Wọ́n fà á, wọ́n tún fà á. Mo rìn lọ síbẹ̀, mo fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, mo tọ́ ọ wò.

"Ìyẹ̀fun mi nìyí," mo ní. "Iyọ̀ nìkan ló kù."

Ẹ̀ṣọ́ ọkọ̀ ojú irin náà dé, fìlà awọ lọ́wọ́. "Ọ̀gá, ẹ gbàgbé fìlà yín sínú ọkọ̀ àwọn ọmọ màlúù. Ẹ má bínú, ọ̀kan ti jẹ etí rẹ̀."

"Ọmọ màlúù wo? Mi ò mọ̀ wọ́n rí!"

"Àwọn mọ̀ yín o, ọ̀gá. Wọ́n ti ń lá yín bọ̀ láti Poitiers."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Ti Garancier tiẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin, òjò ṣì bá a.

Nígbà tó yá, mọ́tò kan hó wọlé, ẹrẹ̀ bò ó. Alcide Bonnardot, ará Lyon tó ń du ìdíje náà, ló wà á, Fulbert sì dìrọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Noémie ké, ó rọ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀ tẹrẹ̀tẹrẹ̀.

"Ta ló sọ pé mo já bọ́?" Fulbert ní. "Ẹ́ńjìnnì ló kú. Ọ̀gá ní ká gbé mọ́tò wọ ọkọ̀ ojú irin, mo ní mi ò ṣe irú ẹ̀. Ó fi mí sílẹ̀ lójú títì. Ọ̀gbẹ́ni yìí ló gbé mi."

Olórí ìlú já òdòdó kúrò lọ́rùn Garancier, ó fi kọ́ Bonnardot lọ́rùn. Bonnardot já a sí méjì, ó fún Fulbert ní ìlàjì.

Garancier fẹ́ sá, ṣùgbọ́n mọ́tò ò gbọ́. Kò sẹ́ni tó bá a tì í. Nígbẹ̀yìn, aládùúgbò mi kan ṣàánú rẹ̀, ó so kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́ mọ́tò náà, wọ́n sì gba àárín èrò kọjá lábẹ́ òjò, ní ìrìn ẹsẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣe ipò kìíní. Garancier ṣe ipò kejì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa gba ipò kankan.