Ìrìn Àjò Orí Sítáǹdì

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá tó jẹ́ pé ọkùnrin mẹ́fà ló fi èjìká gbé e wọlé.

Alùpùpù ni. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń gbé èèyàn dé ẹnu ọjà o. Alùpùpù ńlá ni, irú tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà jíjìn: tánkì rẹ̀ yọ bí ikùn aláboyún, ó ní àpótí ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó ní gíláàsì tó ń gba afẹ́fẹ́ níwájú, àga ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní ibi ìfẹ̀yìntì bíi ti ìjòyè. Ó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí Ọ̀tún fi rí ojú ara rẹ̀ nínú tánkì, tó sì tún fìlà rẹ̀ dé. Wọ́n gbé e kalẹ̀ lórí sítáǹdì láàárín àgbàlá, táyà ẹ̀yìn ò kanlẹ̀.

Olùpẹ̀jọ́ tẹ̀lé e wọlé. Obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì ni, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, atún-aago-ṣe tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Aláago, ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù, ó ń fi aṣọ rírọ̀ nu ibi tí àwọn tó gbé e fọwọ́ kàn. Oníbúrẹ́dì wò ó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, ọkùnrin yìí kò fi irú ọwọ́ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ nu òógùn ojú òun rí.

"Oníbúrẹ́dì, kí ló dé?" Ọba bi í.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ẹ bá mi bi wọ́n léèrè, ibo ni wọ́n gbé mi dé?"

"Àwọn wo?"

"Ọkọ mi ni. Mo ń bọ̀wọ̀ fún un ni."

"Gbé ọ̀wọ̀ yẹn tì ná, kí ẹjọ́ lè yé wa."

"Ó dáa. Ọkùnrin yìí! Ọjọ́ tí nǹkan yìí dé ilé wa, ó ní, 'Ìyàwó mi, wàhálà ẹ tán. Abúlé ìyá ẹ tí ọkọ̀ èrò kì í dé, èmi ni n ó máa gbé ẹ débẹ̀.' Kábíyèsí, mo jó! Ìyá mi ti dàgbà, ojú wọn ti ń ṣú. Wọ́n ránṣẹ́ pé kí n wá, kí àwọn rí mi kí ojú náà tó lọ pátápátá. Títí di òní, alùpùpù yìí ò tíì kọjá ilẹ̀kùn àgbàlá wa!"

"Irọ́ ni!" Ọ̀gá Aláago fò dìde. "Kò sí ọkọ̀ kan nílùú yìí tó rìn tó o!"

"Ìwọ obìnrin yìí," Ọ̀tún dá sí i, "ṣé o ò lè gun ti ẹlòmíràn lọ ni?"

"Ó ní mi ò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà ọlọ́kadà. Ó ní ìtìjú ni fún ọ̀kadà tòun."

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, kó má pe tèmi ní ọ̀kadà!"

"Pálọ̀ ló ń sùn, Kábíyèsí. Bùláńkẹ́ẹ̀tì mi ló fi bò ó. Bí mo bá fẹ́ jọ ìyẹ̀fun, ìta ni mo máa ń lọ, ó ní eruku ń wọ ẹ̀rọ òun nímú."

"Ohun tó bá dára, èèyàn á tọ́jú ẹ̀ náà ni," Ọ̀tún ní jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kàn án. Òun náà ní agbòjò kan tí kì í ṣí nínú òjò, kó má baà tutù.

Ọba wo ọkọ. "Fún mi lésì kan ṣoṣo. O gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ àbí o ò gbé e lọ?"

"Mo gbé e lọ, Kábíyèsí. A débẹ̀. A tiẹ̀ kọjá díẹ̀."

Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Oníbúrẹ́dì káwọ́ lérí.

"Ẹ̀rí dà?"

"Mítà!" Ọ̀gá Aláago na ìka sí mítà tó wà níwájú alùpùpù, tó máa ń ka bí ọ̀nà ṣe jìn tó, tí nọ́ńbà kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. "Kábíyèsí, iṣẹ́ aago ni mo fi ń jẹun. Ohun tí ọwọ́ aago bá sọ, abẹ gé e. Bí aago bá ní ọ̀sán ti pọ́n, ta ló ń jáde lọ bi oòrùn? Mítà ní a rìn tó ibi ìyá ẹ̀. A ti débẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ìrìn àjò náà fún yín," Oníbúrẹ́dì ní. "Mo wọ aṣọ mi tó dáa jù. Mo di búrẹ́dì sápò fún ìyá mi. Ó ní kí n gòkè, kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ gbóná lórí sítáǹdì. Mo gòkè. Táyà ẹ̀yìn ń yí lófìfo, oòrùn ń pa mí lórí. Ó ní, 'Tẹ̀ sí ọ̀tún, kọ́nà ń bọ̀.' Mo tẹ̀. Ó ní, 'Dì mí mú, òkè nìyí.' Mo dì í mú. Ìgbà tó yá, ó wo mítà, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní, 'A ti dé o. Bá mi kí ìyá.' Kábíyèsí, mo sọ̀ kalẹ̀, adìyẹ mi ni mo bá!"

Ẹ̀rín bú gbàà. Oníbúrẹ́dì ò rẹ́rìn-ín.

"Búrẹ́dì ńkọ́?" Ọba bi í.

"Ó jẹ ẹ́. Ó ní oúnjẹ ọ̀nà ni."

"Ebi ọ̀nà jíjìn kì í ṣeré," Ọ̀gá Aláago ní.

"Ìrọ̀lẹ́ tó bá tún gùn ún báyìí, tó bá sọ̀ kalẹ̀, àfi kí n kúnlẹ̀ kí i káàbọ̀. Bí mi ò bá kí i, ó ní mi ò mọ ewu tó wà lójú títì!"

Ọba ní kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ọkọ kọ́kọ́ pè ni Tíṣà, aládùúgbò wọn tó ti fẹ̀yìn tì.

"Kábíyèsí, mo máa ń rí i tó ń lọ. Ó máa ń dé akoto, á wọ ìbọ̀wọ́, á juwọ́ sí mi. Èmi náà á ní, 'Ó dàbọ̀ o!'"

"Ẹ ṣé, Tíṣà!" Ọ̀gá Aláago ní.

"Ó máa kọjá lára ẹ nìyẹn?" Ọba bi í.

"Ó tì o. Èmi ni mo máa ń kọjá lára ẹ̀."

"Lọ́nà wo?"

"Mo ń lọ ra kẹrosíìnì, òun ń lọ sókè òkun. Mo ra kẹrosíìnì dé, òun ṣì ń lọ."

"Tíṣà, ṣé ó ń kúrò lójú kan, àbí kì í kúrò?"

"Mi ò ní parọ́ níwájú adé. Ariwo ẹ̀ ń kúrò. Ariwo ẹ̀ ń dé ìkángun àdúgbò. Òun gan-an ni mi ò lè sọ̀rọ̀ lé lórí."

Wọ́n ní kó jókòó. Mẹkáníìkì ló kàn, ọ́ìlì dúdú léèékánná rẹ̀.

"Ṣé nǹkan ń ṣe alùpùpù yìí?"

"Rárá o, Kábíyèsí. Ara ẹ̀ le bí òkúta."

"Háà!" Ọ̀gá Aláago pariwo. "Ṣé ìwọ kọ́ lo ní kò tíì yẹ kó rí títì?"

"Èmi ni. Ara ẹ̀ ò yá."

"Háà!" Ìyàwó náà pariwo. "Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ fún mi lọ́jọ́ sí pé ó lè gbé wa lọ gbé wa bọ̀?"

"Èmi ni. Ara ẹ̀ le."

"Èwo ni ká gbà ńbẹ̀?" Ọba bi í.

"Kábíyèsí, ọkọ ló ń fún mi níṣẹ́, ìyàwó ló ń fún mi ní búrẹ́dì. Ta ni kí n bá jà nínú wọn?"

"Má bá ẹnì kankan jà. Sọ ohun tó o fojú rẹ rí."

Mẹkáníìkì kúnlẹ̀ ti alùpùpù. "Ṣéènì nìyí, ó ti gbó tán. Ẹ́ńjìnnì ti di àgbàlagbà, ó ń mu ọ́ìlì bí ẹni ń mu omi. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, Kábíyèsí, ẹ fọwọ́ kan táyà."

Ọba bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Irun rọ́bà kéékèèké tí táyà tuntun máa ń gbé wá láti ilé iṣẹ́ ṣì yọ ṣónṣó káàkiri ara rẹ̀. Ẹyọ kan ò tíì já.

"Arúgbó lókè, ọmọ ìkókó nísàlẹ̀," Ọba ní. Ó nara ró. "Ọ̀gá Aláago, kí ni kò jẹ́ kó o gbé e kúrò lórí sítáǹdì?"

Ọkùnrin náà tún mú aṣọ rírọ̀ rẹ̀. Ó ń nu tánkì tó ti mọ́.

"Ìwọ ni mò ń bá wí."

"Kábíyèsí... ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, ọkùnrin kúkúrú ni.

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé fún mi, mo gùn ún lójú gbogbo àdúgbò. Ẹsẹ̀ mi wá ilẹ̀ títí, kò rí i. Ó wó lù mí. Tíṣà ló gbé e kúrò lórí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti fẹ́ ta sítáǹdì, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Tí mo bá wà lórí ẹ̀ níbẹ̀ yẹn, tí mítà ń yí, ọkùnrin ni mí."

Àánú rẹ̀ ṣe Oníbúrẹ́dì, ó sì bínú sí àánú náà. Gbogbo ìgbà tó fi ń rò pé ìfẹ́ alùpùpù ló gba ọkọ lọ́wọ́ òun, ẹ̀rù ló ń ba ọkùnrin náà.

"Ẹ̀ bá ti sọ fún mi!" ó kígbe, ọ̀wọ̀ sì padà sẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. "Èmi tí mò ń gbé àpò ìyẹ̀fun lójoojúmọ́, ṣé mi ò lè bá yín di ẹ̀yìn ẹ̀ mú ni? Ojú ìyá mi ń fọ́ lọ, ẹ̀yin ń tọ́jú ìtìjú!"

Ọba padà sídìí àga rẹ̀. Ó jókòó dáadáa, àwọn ìjòyè sì mọ̀ pé ìdájọ́ ti dé.

"Ọ̀rọ̀ ẹni la fi ń dá ẹni lẹ́jọ́," ó ní. "Ìyàwó ní òun ò lọ ibì kankan. Mo gbà á gbọ́. Ọkọ ní òun dé ilé àna òun, òun tiẹ̀ kọjá. Mo gba òun náà gbọ́."

"Kábíyèsí o! Kí ẹ̀mí yín gùn!" Ọ̀gá Aláago dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde. Ìbéèrè kan ló kù. Mítà yìí, ṣé ó máa ń padà sẹ́yìn?"

"Rárá o! Iwájú nìkan ló ń lọ. Èyí tó bá ń padà sẹ́yìn, ayédèrú ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. A jẹ́ pé o lọ, o ò tíì bọ̀."

Ọba na ìka sí mítà náà.

"Láti ọjọ́ tó o ti gbéra, o ò yí orí padà rí. O kọjá ilé àna rẹ, o kọjá odò, o kọjá òkè, ò ń lọ. O ò sí nílùú yìí. Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ gbọ́ o! Ọ̀gá Aláago ti rìnrìn àjò. Ẹ má kí i, a kì í kí ẹni tí kò sí nílé. Ẹ má gbé aago wá fún un. Ìyàwó ò gbọdọ̀ bu oúnjẹ kalẹ̀ dè é. Bí ebi bá ń pa á, kó jẹun níbi tó wà. Ìrọ̀lẹ́ tó bá sì tún gun alùpùpù lórí sítáǹdì, kí ẹ mọ̀ pé ó ń jìnnà sí i ni. Ọjọ́ tí ìyá ìyàwó rẹ̀ bá ránṣẹ́ sí mi pé òun rí ojú ọmọ òun, àti pé alùpùpù yìí ló gbé e wá, ọjọ́ náà la ó kí i káàbọ̀."

"Kábíyèsí, mo wà níbí!"

Ọba yíjú sí Ọ̀tún. "Ṣé o gbọ́ nǹkan kan?"

"Afẹ́fẹ́ ni, Kábíyèsí," Ọ̀tún ní. Ó ti rọra fẹsẹ̀ ti agbòjò rẹ̀ sábẹ́ àga.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹjọ́ túká. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà tó gbé alùpùpù wá bá tiwọn lọ. Ọ̀gá Aláago bẹ mẹkáníìkì, mẹkáníìkì ń wo sánmà. Ó na ọwọ́ sí Tíṣà, Tíṣà kọjá lára rẹ̀ bó ṣe máa ń kọjá. Ó wá ku òun nìkan láàárín àgbàlá ọlọ́ba, òun àti ẹrù tí kò lè dá gbé lọ sílé.

Oníbúrẹ́dì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rò ó. Ọba ní kí òun má kí i. Ọba ní kí òun má bu oúnjẹ fún un. Kò sẹ́ni tó ní kí òun má fọwọ́ kan alùpùpù. Ó padà wọlé, ó so ìró rẹ̀ le, ó fi ọwọ́ tó ń po ìyẹ̀fun gbá ẹ̀yìn alùpùpù náà mú.

"Ẹ ta sítáǹdì," ó ní.

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

"Mo rí i. Ẹ ta á."

Ó ta sítáǹdì. Táyà méjèèjì kanlẹ̀ gbì, alùpùpù fì sápá kan, Oníbúrẹ́dì fi ìbàdí gbà á dúró. Ọ̀gá Aláago gùn ún, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń họ ilẹ̀ bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ìyàwó rẹ̀ gòkè sẹ́yìn rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó gùn ju ti ọkọ lọ, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún lósì.

"Tèmi kanlẹ̀," ó ní létí rẹ̀. "Ó tó àwa méjèèjì."

Wọ́n gbéra, jẹ́jẹ́, alùpùpù ń mì bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ilẹ̀kùn ààfin ń bọ̀ sọ́dọ̀ wọn, ó dé ẹ̀gbẹ́ wọn, ó bọ́ sẹ́yìn. Oníbúrẹ́dì yíjú padà wò ó, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń jókòó lórí alùpùpù yẹn, nǹkan kan ò kọjá lára rẹ̀ rí.

Ọba jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Oníbúrẹ́dì!" ó kígbe. "Bá wa kí ìyá o!"

"Kábíyèsí," Ọ̀tún rọra bi í, "ẹ ò wá ní kí ọkọ ẹ̀ náà rọra wà á?"

"Ọkọ wo?" Ọba ní. "Ṣebí ìyẹn ti débẹ̀ tipẹ́."