Agogo Olè Tí Mo Rà fún Ìyá

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí ọkàn mi kò tíì kúrò lórí rẹ̀ títí di òní. Bí mo bá ń sọ ọ́, àwọn tó ń gbọ́ máa ń rẹ́rìn-ín, èmi náà a sì máa bá wọn rín in, àmọ́ ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu mi.

Lọ́dún kejì tí ìjọba alágbádá dé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní sáyẹ́ǹsì l'Ákùrẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ń dá gbé ní Òdòdè, n'Ìdànrè. Òun ló tọ́ mi dàgbà láti ìgbà tí ìyá tó bí mi ti kú. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì wà lókè òkun. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni Ìyá, kì í pa ìsìn jẹ. Lọ́jọ́ Àìkú kan tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni olè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó gbé rédíò rẹ̀ àti àpótí aṣọ rẹ̀ lọ. Aṣọ òkè tó fi ṣe ìyàwó wà nínú àpótí yẹn.

Nígbà tí mo débẹ̀, kò sunkún. Ó kàn ń wo àga rẹ̀.

"Kì í ṣe ẹrù ló ń dùn mí," ó ní. "Ẹni náà jókòó síbí yìí. Mo bá tìmùtìmù tó tẹ̀. Ó jẹ ẹ̀wà mi, ó sì dé ìkòkò padà bí ọmọ ilé."

Ẹnu Ìdànrè ló fi sọ ọ́. Èmi ló ń yí i sí èyí tí gbogbo wa gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò jókòó sórí àga yẹn mọ́. Àpótí ìdáná ló ń jókòó lé.

Mo ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa l'Ákùrẹ́, ó kọ̀. Ìyàwó mi wá ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ wò wọ́n ní gbogbo Sátidé." Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, àmọ́ Sátidé ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì. Mo dá a lóhùn bí ìwé sáyẹ́ǹsì pé ayé ti kọjá ká máa fi ẹsẹ̀ ṣọ́ ilé, ẹ̀rọ ti wà fún un. Kí n má parọ́ fún yín, ó rọrùn fún mi láti ra ẹ̀rọ ju kí n máa lọ jókòó ti arúgbó lọ.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ohun èlò iná. Bàbá tó ni ín fi awò ojú rẹ̀ wò mí.

"Ta lẹ fẹ́ rà á fún?"

"Ìyá mi ni. Wọ́n ti dàgbà."

"Ṣé wọn kì í gbàgbé nǹkan? Ta ló wà nítòsí wọn?"

Inú ti ń bí mi. Ọjà ni mo wá rà, n kò wá gba iṣẹ́. Bàbá náà mú agogo kékeré kan jáde, tó ní bọ́tìnì àti wáyà gígùn. Ó ní kí bọ́tìnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá, kí agogo wà nílé aládùúgbò, pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, kí Ìyá ṣáà tẹ̀ ẹ́. Èmi ti gbójú sókè ní tèmi. Agogo pupa kan wà lára ògiri, ó tó àwo ìjẹun. Mo bèèrè pé ìyẹn ńkọ́.

"Ìyẹn, ara ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni wọ́n ń so wáyà rẹ̀ mọ́. Bí èyíkéyìí bá ṣí, á ké. Ṣùgbọ́n ilé ìkẹ́rùsí tí kò sí ènìyàn ńbẹ̀ ló wà fún. Kò dára fún ilé tí ènìyàn ń gbé."

Ohun tí etí mi gbọ́ ni pé agbára mi kò ká a. Mo ní kó gbé e wá.

Nítorí iná tó máa ń lọ tó máa ń bọ̀, bátìrì ọkọ̀ ni agogo náà ń lò. Mo gbé bátìrì náà sáàárín itan mi nínú bọ́ọ̀sì. Ní kọ̀rọ̀ kan, dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì nítorí àgùntàn, omi bátìrì sì dà sí mi lára. Kí a tó dé Òdòdè, iwájú ṣòkòtò mi ti dà bí asẹ́. Ìró Ìyá ni mo ró tí mo fi gun àkàbà so agogo náà mọ́ òkè ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń kọjá ń kí mi kú iṣẹ́, wọ́n sì ń yára gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tí mo parí, mo pe àdúgbò wá wòran. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Agogo náà figbe ta bí ẹni tí wọ́n ń pa. Òkè gba igbe náà, ó dá a padà, òkè kejì tún dá a padà. Adìẹ fò sórí òrùlé. Ìyá Sàádátù, aládùúgbò Ìyá tó ń ta kẹrosíìnì, da èyí tó ń wọ̀n lọ́wọ́ sí bàtà oníbàárà. Ìyá alára ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ka Sáàmù.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ dáadáa, Ìyá?" ni mo bi í, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Àwọn tó ti kú náà gbọ́ ọ," ó dáhùn.

Súìṣì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ pa kó tó ṣílẹ̀kùn. Mo kọ́ Ìyá lẹ́ẹ̀mẹta, bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí agogo fi dún mọ́ ọn lórí bó ṣe ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ funfun. Ó dún nígbà tí Ìyá Sàádátù gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un láàárọ̀. Àwo bọ́, ẹ̀kọ bó obìnrin náà lẹ́sẹ̀. Ó dún nígbà tí ewúrẹ́ wá họ ara rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ọyẹ́ dé, atẹ́gùn ń mi fèrèsé, agogo kò wá mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ mọ́. Àwọn dẹ́rẹ́bà ló ń bá mi gbé ìròyìn wá s'Ákùrẹ́: "Tíṣà, wọ́n ní agogo yín tún ti dún o."

Kí oṣù méjì tó pé, kò sẹ́ni tó ń gbórí sókè mọ́ bó bá dún. Ohun tó burú jù, àwọn ènìyàn kò wọlé Ìyá mọ́. Ìyá Sàádátù, tó máa ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn láti bá a fi òwú sí abẹ́rẹ́, ti ń dúró lójú títì kí i. Ìyá fúnra rẹ̀ kò fẹ́ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀. Mo wá bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, mo bá ilé ní ìdákẹ́rọ́rọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́kàn mi pé ààbò ti dé. Ojú mi là sílẹ̀ kedere, n kò rí nǹkan kan.

Sátidé tí mo ń wí yìí, ọ̀sán gangan ni. Mo ti jẹun tán nílé Ìyá, mo wá ní kí n lọ wọn ṣòkòtò lọ́dọ̀ télọ̀ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́ ilé kẹta sí tiwa. Mo bá àwọn ọkùnrin mẹ́rin níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń dùn. Ni agogo bá bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn dìde. Mo fà á lápá jókòó.

"Ẹ má dá a lóhùn. Ewúrẹ́ ni. Bí kì í bá ṣe ewúrẹ́, atẹ́gùn ni."

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí iná ṣe ń gba inú wáyà kọjá. Mo fi tépù télọ̀ júwe fún wọn. Mo tilẹ̀ dá àpárá pé olè tó bá wọbẹ̀, etí rẹ̀ á ti di kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ẹrù. A rẹ́rìn-ín gan-an. Agogo ṣì ń dún.

Ìyá Sàádátù yọ sí wa. "Tíṣà, agogo yín mà ń dún. Mo pe Ìyá láti ìta, wọn kò dáhùn."

"Ariwo agogo ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ewúrẹ́ ni, Ìyá Sàádátù."

"Mo ti wo àwọn ewúrẹ́. Ọ̀dọ̀ tiwa ni gbogbo wọ́n wà."

Mo ní mò ń bọ̀. Kò tẹ̀lé ọ̀rọ̀ mi, àmọ́ kò lè wọlé níbi tí mo ti fi agogo lé e jáde; ó padà lọ dúró lójú títì níwájú ilé Ìyá. Nígbà tó ṣe, agbára bátìrì tán, igbe agogo ń rẹlẹ̀, ó sì dákẹ́. Mo sọ fún àwọn ọkùnrin náà pé, "Ṣé ẹ rí i? Ó ti lọ." Mo jẹ́ kí télọ̀ wọ̀n mí tán, mo tún wo aṣọ mẹ́ta kí n tó mú ọ̀kan.

Nígbà tí mo délé, Ìyá wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nínú òkùnkùn pálọ̀. Ó fẹ́ jáde lọ gba atẹ́gùn, ó pa súìṣì náà lóòótọ́, ó sì tún ti gbàgbé pé òun ti pa á, ó tan án padà. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn tí agogo ké, ó sáré yí padà láti lọ pa á. Wáyà tí èmi, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, nà gba ilẹ̀ kọjá ló kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ ló ṣẹ́.

Ìyá Sàádátù ti wọlé nígbà tí agogo dákẹ́, ó ti gbé orí Ìyá lé itan. Ìyá wò mí.

"Ẹ̀rọ rẹ pè ọ́ títí. Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mi ò gbọ́, Ìyá. Mo ti rìn jìnnà."

Ìyá Sàádátù, tó wá pè mí lọ́dọ̀ télọ̀, gbójú sílẹ̀, ó ń tún ìró Ìyá so.

Ìyá lo oṣù mẹ́ta ní ilé ìwòsàn l'Ákùrẹ́. Nígbà tí mo padà lọ kó aṣọ rẹ̀ ní Òdòdè, mo rí i pé olè ti wá. Kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn nínú ilé. Bátìrì ló gbé. Ọwọ́ mi wà lórí, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, n kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di nǹkan mìíràn.

Irọ́ tí mo pa náà kò jẹ́ kí n gbádùn. Lẹ́yìn tó ti ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé mo gbọ́ agogo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Mo mọ̀," ó ní. "Nígbà tí agogo dákẹ́, ohùn rẹ ni mo ń gbọ́ lọ́dọ̀ télọ̀. Ò ń sọ fún wọn pé ó ti lọ."

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá mi lórúnkún pẹ̀lẹ́ pé kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù.

Ọdún méjì péré ló lò sí i. Ní gbogbo Sátidé ọdún méjèèjì, mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ a sì ṣí sílẹ̀ gbayawu; Ìyá Sàádátù á wọlé, á jáde, ewúrẹ́ náà á yọjú. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ṣòro: ẹni tí a bá fẹ́ dáàbò bò, ká kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù, ká sì fi ara wa dúró tì í. Bàbá oníṣọ́ọ̀bù ti bi mí ní irú ìbéèrè yẹn, ọ̀fẹ́ ló sì bi mí, èmi ni mo lọ gbé agogo ilé ìkẹ́rùsí. Nítorí náà, bí ẹ bá ń fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ máa rín in lọ, mo ń bọ̀ wá bá yín. Ẹ ṣáà fún mi láyè kí n kọ́kọ́ nu ojú mi.