Ọ̀gá Télọ̀ Sọ Ojú Abẹ Níkòó

Bí ènìyàn bá pe olè ní olè, tí kò pè é ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń rìn, ó sọ ojú abẹ níkòó nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kò le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n létí Ọ̀gá Télọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí òun máa bú ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó òun.

Ó sọ fún tíṣà kan pé ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Tíṣà fajú ro. Ọ̀gá na ọrùn bí àkùkọ: "Ojú abẹ ni mo sọ níkòó. Òótọ́ ni kẹ́ ẹ bá jà." Olówó tó sanra ju tíṣà lọ wọlé tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ní ara wọn gún bí ọ̀pá ìwọnṣọ.

Ipò alága ẹgbẹ́ aránṣọ ṣí sílẹ̀, oorun sì dá lójú ọ̀gá. Ó ti ń kọ́ bí alága ṣe ń mi orí níwájú dígí. Òfin ẹgbẹ́ sì ni pé ẹni tó bá fẹ́ dupò yóò wọ kóòtù tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán wá sípàdé, kí wọ́n yí inú rẹ̀ síta, kí wọ́n yẹ ojú rírán rẹ̀ wò.

Ó ti tó ọdún méje tí ọ̀gá ti di abẹ́rẹ́ mú gbẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ ló ń rán gbogbo aṣọ ní yàrá ẹ̀yìn. Oríyìn ni ọ̀gá ń gbà níwájú. Obìnrin náà ló rán kóòtù yìí pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ọ̀gá dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó ní ẹni tó bá rí àbùkù kan kó sọ ojú abẹ níkòó. Àtẹ́wọ́ ló ń retí. Ìyá Ẹgbẹ́, àgbà nínú wọn, gba kóòtù, wọ́n yí i, wọ́n wò ó títí.

"Iṣẹ́ yìí dáa. Ọwọ́ ta ni?"

"Ọwọ́ mi yìí ni, màmá." Ọ̀gá na ọwọ́ ọ̀tún.

"Ẹni tó rán kọ́là yìí, ọwọ́ òsì ló ń lò. Wo bí òwú ṣe dà sí apá òsì."

Gbogbo ojú yí sí ìyàwó ọ̀gá, tó jókòó nídìí tábìlì, tó ń fọwọ́ òsì kọ orúkọ àwọn tó wá.

Màmá tún bi ọ̀gá: ta ló rán an?

Ọ̀gá wúkọ́. Ó ní tọkọtaya kì í ní ọwọ́ ọ̀tọ̀. Ó ní ẹni tó bá ti ra òwú, ó ti rán aṣọ dé ìdajì. Ó ní ooru mú.

"Èmi ni mo rán an, màmá," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Kò gbójú sókè nínú ìwé.

Màmá ní bí wọ́n ṣe ń sọ ojú abẹ níkòó nìyẹn. Kí ọ̀gá tó wúkọ́ tán, gbogbo ẹgbẹ́ ti nawọ́ sókè fún obìnrin náà.

Wọ́n fi kóòtù wọ alága tuntun. Ó tóbi ní èjìká, apá rẹ̀ bo ìka mọ́lẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wo ọ̀gá, tó dúró nínú síńgílẹ́ẹ̀tì tó ya lábíyá. Màmá ní kó sọ bó ṣe rí i.

Ọ̀gá wo ìyàwó rẹ̀.

"Alága," ló wí, "ó bá yín mu gan-an ni."